Ìka Márùn-ún Lẹ́nu POP

Aago 5 ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni a wọ ọgbà ilé-ìwòsàn. Mo pọ̀n ọmọ mi sẹ́yìn. Ìyàwó mi ló bá mi so ìró rẹ̀ ṣinṣin kí a tó kúrò nílé. Òun ìbá tẹ̀ lé wa, ṣùgbọ́n ìkókó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tan tọ́ọ̀ṣì sí wa, ó rí ọkùnrin onírùngbọ̀n tó pọ̀n ọmọ, ó sì yà fún wa. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á bá yín ṣe é."

"Ìyá mi" ni mo ń pè é. Ọdún tí màmá mi papòdà ni a bí i, Yorùbá tó bá ń ka ìwé yìí á ti mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ọmọ ọdún 3 ààbọ̀ ni. Láti ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tẹ̀ síta bí ọrun ọdẹ. Bó bá gbé ẹsẹ̀ yẹn lélẹ̀, orúnkún á kọ́kọ́ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gba ara rẹ̀ dúró. Pákó kan wà lórí gọ́tà iwájú ilé wa. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń sáré kọjá lórí rẹ̀, àmọ́ tèmi á dúró, á di ṣòkòtò mi mú.

Gbogbo ará àdúgbò ló ní, "Yóò tọ́ fúnra rẹ̀." Òótọ́ sì ni fún ọ̀pọ̀ ọmọ. Ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn sábà máa ń tẹ̀ síta. Tó bá ń lọ sí ọdún 2, á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́. Láàárín ọdún 3 sí 4, orúnkún méjèèjì lè máa gbá ara wọn, ohun tí a ń pè ní K-leg, kó sì tó pé ọdún 7, ọ̀pọ̀ wọn á ti dúró ṣánṣán. Tiwa kò gba ọ̀nà yẹn. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló tẹ̀, bí ọjọ́ sì ṣe ń gorí ọjọ́ lẹ́yìn ọdún kejì ló ń peléke. Ohun méjì yìí ló yẹ kó lé òbí dìde, a sì fi oṣù mẹ́jọ ṣòfò kí a tó dìde.

Ẹ̀bi wá ń wá ẹni tí yóò gbé e. Ìyá ìyàwó mi ní a kò na ẹsẹ̀ ọmọ dáadáa nígbà tó wà ní jòjòló, pé a kò ka omi gbígbóná àti òrí tí òun fi tọ́ àwọn ọmọ tòun sí. Àbúrò bàbá mi ní ìpọ̀n ló fà á. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìpọ̀n fún dókítà egungun, ó mi orí. Ó ní ìpọ̀n ń ṣí itan ọmọ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí oríkèé ìbàdí jókòó sí àyè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tiẹ̀ kà á mọ́ ohun tó fà á tí ìbàdí yíyẹ̀ láti inú oyún fi ṣọ̀wọ́n láàárín àwa adúláwọ̀. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gbé ọmọ, ó sì sunkún.

Kí àwọn dókítà tó dárúkọ àìsàn tó ń ṣe ọmọ wa, wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà mọ̀ bóyá egungun ọmọ rọ̀ nítorí àìtó oúnjẹ. Èyí wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, kì í sì í ṣe àìtó oòrùn ló ń fà á jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tó jáde ní 1999, fi hàn pé kalisíọ̀mù ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀kọ lásán láàárọ̀ àti àmàlà lálẹ́, láìsí wàrà, láìsí ẹja tí a lọ̀ tegungun-tegungun, egungun rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fi le. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ àti oògùn ló yẹ kó ṣáájú, torí bí wọ́n bá gé egungun rírọ̀ tọ́, yóò tún tẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tiwa kò fi èyí hàn. X-ray ló fi àìsàn tó ń ṣe é gan-an hàn: Blount, orúkọ dókítà ará Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1937.

Dókítà fi ìka tọ́ ọ sí mi lórí àwòrán. Lókè egungun ojúgun, lábẹ́ orúnkún gan-an, ni ibi tí egungun ti ń gùn wà. Apá ti inú ibẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, apá ti ìta ń dàgbà lọ. Bí a bá fa aṣọ lápá kan tí a dá apá kejì dúró, ṣé kò ní tẹ̀? Ọmọ tó tètè rìn tó sì tóbi ló máa ń mú jù. Oṣù 9 ni tèmi ti rìn, a sì pe ẹbí jọ yọ̀. Ó ní kí a má jẹ́ kó kọjá ọdún 4 kí a tó ṣe é, torí bó bá pẹ́, ó lè padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Àwòrán igi kan wà lára ògiri yàrá rẹ̀: igi wíwọ́ tí wọ́n fi okùn dì mọ́ òpó títọ́. Mo bi í kí ni. Ó ní inú ìwé dókítà ará Faransé kan, Nicolas Andry, ni ó ti wá, ní 1741, pé òun náà ló ṣẹ̀dá orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pe iṣẹ́ egungun, láti inú èdè Gíríìkì: "títọ́" àti "ọmọ". Mo sọ fún un pé àwa náà ní ìrókò tiwa, pé kékeré la ti ń pẹ̀ka rẹ̀. Ó kọ òwe náà sẹ́yìn ìwé kan.

   

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni mo ṣe ohun tó ṣì ń dùn mí. Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ bóyá ó tó, kí wọ́n sì mọ genotype rẹ̀. Ọmọ tó bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ìtọ́jú ọ̀tọ̀ ló nílò ní tíátà, pàápàá nítorí rọ́bà tí wọ́n fi ń fún itan kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà. Mo gbé e sórí itan mi, mo ní, "Kò ní dùn ẹ́ rárá." Abẹ́rẹ́ wọlé. Kò kọ́kọ́ sunkún. Ó yíjú padà, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló wá ké. Nígbà tí a délé, kò gba omi lọ́wọ́ mi, kò jẹ́ kí n bọ́ bàtà rẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta, ohunkóhun tí mo bá sọ, bó ṣe oúnjẹ ni, bó ṣe pé màmá rẹ̀ ń bọ̀ ni, á ní, "Ṣé òótọ́ ni?"

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló bá mi sọ̀rọ̀ nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún un. Ó ní, "Dádì, ẹ má purọ́ fún un mọ́. Ìrora tí wọ́n bá ti sọ fún ọmọ ṣáájú, á fara dà á. Èyí tó bá a lójijì ni kì í gbàgbé." Ó fún mi ní báńdéèjì kan, ó ní kí n lọ fi ṣeré nílé.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A mú ọmọláńgidi rẹ̀, a sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ lọ gba àtúnṣe. A fi ife ike bo imú rẹ̀, ó sùn. A di báńdéèjì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti itan dé ọmọ ìka. Ó jí, ó ké, nítorí mo ní kó ké. Ìyá mi wò ó títí, ó ní, "Ó ń dùn ún." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. A ó fún un lóògùn, yóò rọlẹ̀." Ó ní kí a tún un ṣe. A tó ìgbà ogún tí a ṣe é kí ọjọ́ tó pé.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún wa já sófo. A kò jẹ́ kó fẹnu kan nǹkan kan láti òru, ó wá di aago 2 ọ̀sán kí wọ́n tó sọ pé kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ kò sì dá wọn lóhùn, kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ètè ọmọ ti gbẹ, kò lè sunkún jáde mọ́. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi. Ohun tí mo kọ́ ni pé, kí wọ́n tó fún ọmọ lóògùn oorun, wákàtí 6 ni kó ti dá oúnjẹ dúró, wákàtí 4 ni wàrà ọmú, wákàtí 2 ni omi lásán tí kò ní nǹkan nínú. Kò sí ìdí tí ọmọ kékeré fi gbọ́dọ̀ gbẹ láti òru mọ́jú bí wọ́n bá lè sọ wákàtí tí yóò wọlé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bèèrè. Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ẹni kẹlòó ló jẹ́ lórí ìwé. Wọ́n ní ẹni àkọ́kọ́ ni, aago 8 ààbọ̀. Ní aago 6, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ní kí n fún un ní omi ìdajì ife.

Láti wọ́ọ̀dù dé tíátà kò ju ìgbésẹ̀ àádọ́ta lọ. Wọ́n fẹ́ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, ó kọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n jẹ́ kí n gbé e. Mo ń bá a sọ ọ́ lọ, ohùn mi ń gbọ̀n: "Wọn á fi nǹkan bò ẹ́ nímú. Ó ń rùn díẹ̀. Wàá sùn. Mi ò ní í sí níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí o bá lajú, èmi lo máa kọ́kọ́ rí." Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Ìlà pupa kan wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tíátà, òbí kì í kọjá rẹ̀. Dókítà oorun jáde wá bá wa níbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ bá ti ọmọ dọ́gba, ó ní òun gbọ́ pé ọmọláńgidi rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó gbà pé kó mú ìró màmá rẹ̀ dání. Ó nà án lọ́wọ́. Ìyá mi lọ bá a.

Mo jókòó sórí àga onírin. Ìyá kan tí ọmọkùnrin rẹ̀ jábọ́ lórí igi máńgòrò, tí egungun òkè ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kán, fún mi ní mọ́ínmọ́ín. Mo dì í mọ́ ọwọ́, n kò lè jẹ ẹ́. Òun ló sọ fún mi bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun ládùúgbò wọn, tí wọ́n fi pákó àti ọ̀já dì í, tí ìka rẹ̀ wú, tó ń ké mọ́jú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló wá tú u, tó ní ọwọ́ ọmọ ti tutù. Ó ní, "Tí wọ́n bá gbé ọmọ yín jáde, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Ojú á tàn yín."

Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé mo ṣèlérí fún ọmọ mi. Òfin wọn kò fàyè gbà á, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Aúńtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti parọ́ fún un nígbà kan." Ó dákẹ́, ó wọlé lọ, ó mú aṣọ aláwọ̀ ewé kan wá fún mi. Bí ọmọ ṣe lajú báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó ń ta, ó ń ké, kò dá mi mọ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Nọ́ọ̀sì ní oògùn oorun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jáde lára ọmọdé, pé kí n kàn máa sọ̀rọ̀. Mo ń sọ̀rọ̀, n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ wá irùngbọ̀n mi rí, ó dì í mú, ó sùn.

Wọ́n ti gé egungun ojúgun nísàlẹ̀ ibi tó ti ń dàgbà, wọ́n gé egungun tínrín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà, wọ́n tọ́ ọ, wọ́n fi wáyà irin 2 gún un kó má yẹ̀, wọ́n wá fi POP, báńdéèjì funfun tó máa ń gbẹ le, dì í láti itan dé ìka. Ẹsẹ̀ tọ́. Mo rí i lábẹ́ POP funfun yẹn, gbọọrọ, bí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn.

Òru yẹn ni mo fẹ́ kí òbí tó bá ń lọ sí irú ọ̀nà yìí mọ̀ dáadáa. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, ẹran-ara ojúgun lè wú nínú awọ líle tó bò ó, kó máa fún ara rẹ̀ pa, kí ẹ̀jẹ̀ má lè dé ibẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6, ẹran-ara náà lè kú. Ohun kan náà ni ọ̀já tó le jù máa ń ṣe sí apá tí wọ́n dì, òun ló sì ti mú kí wọ́n gé ọwọ́ ọmọ púpọ̀ nílẹ̀ yìí. Dókítà ti la POP náà lójú kan kí ó lè ní àyè láti wú. Ìyókù di ọwọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún bẹ́ẹ̀dì tó lé ní ogún.

Mo gbé ẹsẹ̀ náà lé ìrọ̀rí méjì. Ìka márùn-ún yọ lẹ́nu POP, èékánná àtàńpàkò rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ pupa tí màmá rẹ̀ kùn fún un, nọ́ọ̀sì ti pa ti àwọn yòókù rẹ́ kí wọ́n lè rí ẹran abẹ́ rẹ̀. Bí mo bá tẹ èékánná, á funfun; bí mo bá fi í sílẹ̀, kí n tó ka méjì ó gbọ́dọ̀ ti padà pọ́n. Mo fọwọ́ kàn án, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní kó jù ú fún mi, ó jù ú. Mo rọra na ìka náà sókè: bó bá ké ju bó ṣe yẹ lọ, bí ìrora bá ń le sí i lẹ́yìn oògùn dípò kó rọlẹ̀, ariwo ni kí n pa. Gbogbo ìdajì wákàtí ni mo ṣe é. Ní nǹkan bí aago 3 òru, ìka tó kéré jù tutù lọ́wọ́ mi. Mo sáré pe nọ́ọ̀sì. Kò bú mi. Ó wá, ó tẹ̀ ẹ́, ó fọwọ́ kan gbogbo wọn, ó gbé fáànù kúrò lójú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ìró bò ó. Láìpẹ́, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní, "Ẹ máa pè mí. Kódà bó jẹ́ ìgbà ọgọ́rùn-ún."

Ọjọ́ kẹta ni a padà sílé. Ọ̀sẹ̀ 6 nílé gùn ju òru wọ́ọ̀dù lọ. Ọmọ tó ti ń dá lọ sí ṣáláńgá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, a sì padà sí póò. Ó ń jowú ìkókó. Ó ń jí lóru, á ní wọ́n ń gbé òun lọ. A fi ọ̀rá di òkè POP kí ìtọ̀ má baà wọ inú rẹ̀, aṣọ tútù la fi ń nù ún lára. Ìyá ìyàwó mi ló ń se oúnjẹ: ẹ̀wà, ẹja yíyan lílọ̀, ewédú, ìbẹ́pẹ kí ìgbẹ́ má baà le. Kò sọ̀rọ̀ òrí mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo bá ọmọ nílẹ̀, ó ti fa ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan yọ, ó ń tì í bọ inú POP nítorí ibẹ̀ ń yún un. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sọ ìdí fún un: bó bá họ ara níbẹ̀, egbò á wà níbi tí ojú wa kò tó. Mo fi ìka kan POP náà lu bí ìlù, mo tan fáànù sí i lẹ́nu. Ó rọlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń yún un, á ní, "Dádì, ẹ wá lu gángan mi."

Ọjọ́ ìtú POP, mo ti sọ fún un pé ayùn oníná máa ń pariwo, pé gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n, kì í yí, torí náà ó ń la ohun líle, kì í gé awọ tó rọ̀. Mo ní wọn á fa wáyà 2 jáde, pé á dùn ún, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹni tó fẹ́ tú POP náà gbé ayùn lé àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ kó rí i. Ó ké nígbà tí wáyà àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fa èkejì, òun fúnra rẹ̀ ló ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Ẹsẹ̀ tó jáde tín-ín-rín bí igi àgbàdo, ó ń bó, irun ti hù lára rẹ̀. Kò fẹ́ gbé e lélẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń fi ìdí wọ́. Ẹni tó ń ṣe físíó fún un kò fipá mú un. Bọ́ọ̀lù ló gbé síwájú rẹ̀, inú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ la sì ń fi orúnkún rẹ̀ sí lálẹ́ kó lè máa ká. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó dúró nítorí pé ìkókó ń ké, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. Kò mọ̀ pé òun ti dúró.

A ṣì ń lọ fún X-ray. Dókítà ní títí yóò fi dàgbà ni àwọn ó máa wò ó, nítorí ó lè padà. Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lórí bẹ́ńṣì, POP wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ilẹ̀kùn tí ariwo ayùn ti ń wá. Ó bi Ìyá mi bóyá ó máa ń dùn. Màmá rẹ̀ ti fẹ́ dáhùn, Ìyá mi ló tètè sọ ọ́: "Ayùn kì í dùn, ariwo ló ń pa. Wáyà ló ń dùn, àmọ́ kì í pẹ́." Ó fi àpá méjì tó wà lójúgun rẹ̀ hàn án, ó ní kó fọwọ́ kàn án. Wọ́n pe orúkọ wa. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó sì ṣáájú mi wọlé.